Ilé tuntun ní àárín Ìbàdàn àtijọ́: èwo lẹ máa yàn kí owó iná má baà wọ̀ yín lọ́rùn?

Ẹni tó ń kọ́lé ní Àkóbọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní Bẹẹrẹ, Òkè Àrẹ̀mọ, Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Ìdí Àrẹrẹ kò ní irú àǹfààní yẹn. Ògiri aládùúgbò ti kan ilẹ̀ rẹ̀ lápá kan, sàréè baba ńlá wà lápá kejì, ọkọ̀ tó fẹ́ já iyanrìn sílẹ̀ kò ráyè wọlé, gbogbo agbo ilé ló sì lẹ́nu sí ohun tó fẹ́ gbé síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná ti di owó ńlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n kéde 225 náírà lórí yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ náà ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fa okùn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ gbà pé ojú àdúgbò àtijọ́ àti ilé tí kì í jẹ iná púpọ̀ kò lè gbé pọ̀: pé ẹni tó bá fẹ́ kí àdúgbò rẹ̀ ṣì máa jọ Ìbàdàn gbọ́dọ̀ fara da ooru, pé ẹni tó bá fẹ́ ilé tútù gbọ́dọ̀ wó gbogbo rẹ̀, kó gbé ilé onígíláàsì síbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó mú kí ilé àtijọ́ rẹwà náà ló mú kó tutù. Ibi tí ẹwà àti ìtutù ti forí gbárí kò pọ̀, òrùlé ni olórí wọn, a ó sì débẹ̀. Mo to ìfiwéra yìí bí ìpinnu ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, láti ìgbà tí ilé baba ṣì wà lórí ìdúró títí dé orí wáyà àti bátìrì.

Kí ẹ wó o pátá, àbí kí ẹ fi ojú ilé sílẹ̀?

Bí ògiri bá ti sán láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, tó sì ti ń tẹ̀ sójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ ohun àtijọ́ pa ẹnikẹ́ni. Ẹ wó o. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé tí wọ́n ń wó lónìí, òrùlé àti igi àjà nìkan ló bàjẹ́ nínú wọn. Ògiri wọn nípọn, ó dúró ṣinṣin, ojú rẹ̀ sì ní iṣẹ́ ọnà sìmẹ́ńtì, òpó róbótó àti fèrèsé onígi tí àwọn bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà dé, fi sílẹ̀. Bíríkìlà tó lè ṣe irú rẹ̀ lónìí ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tó bá wó o tán á tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò ní ìpìlẹ̀ tuntun, àwòrán ilé rẹ̀ yóò sì rọrùn láti yà. Ẹni tó bá dá ojú ilé sí, tó kọ́ ilé tuntun sẹ́yìn rẹ̀, máa ná owó lórí ẹnjiníà tó máa yẹ ògiri wò, yóò sì ní sùúrù. Ohun tó máa jèrè ni ògiri tó nípọn, tí kò ná an ní àpò sìmẹ́ńtì kan. Iná tó tó ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń fi sun òkúta kó tó di sìmẹ́ńtì, nítorí náà ògiri tí ẹ kò wó ti fi agbára iná pamọ́ kí ẹ tó tan gílóòbù kankan. Bí ògiri iwájú bá lè dúró, kí ẹ dá a sí ni èmi fara mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé dígà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà. Àkọ́kọ́ ni mọ́gàjí àti àwọn ọmọ ilé: kí ìfọwọ́sí wọn wà lórí ìwé, kó má jẹ́ ti ẹnu lásán, nítorí ilẹ̀ ẹbí ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ ìgboro. Èkejì ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Òfin ìlànà ìlú ti ọdún 1992 fún wọn láàyè láti tọ́jú ilé tó ní ìtàn, òfin ọdún 1979 tó dá NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, sílẹ̀ sì sọ pé ilé tí wọ́n bá ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè kò ṣeé wó tàbí tún ṣe láìgba àṣẹ. Ẹ béèrè ipò ilé yín kí ẹ tó san owó fún awólé. Ẹ̀kẹta ni àjà. Bí wọ́n bá fi ásíbẹ́sítọ̀ ṣe sílíìnì ilé náà láyé àwọn baba wa, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi òòlù fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í fara hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún fi máa kọjá. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n bo imú, kí wọ́n sì tú u ní odidi.

Àgbàlá láàárín, àbí ilé tó dì pọ̀?

Ìpinnu yìí ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ lè pààrọ̀ fáànù, ẹ lè pààrọ̀ pánù, ṣùgbọ́n ẹ kò lè pààrọ̀ ibi tí ẹ gbé ògiri sí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé ìparí rẹ̀, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá sí Ìbàdàn. Nígbà ọyẹ́ ló ń yí padà, tó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú eruku. Ní Bódìjà tàbí Jẹ́ríkò, ẹ lè ṣí fèrèsé sí ọ̀nà yẹn. Ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ẹ bá ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́, ògiri ẹlòmíràn lẹ máa fọwọ́ kàn. Iwájú, ẹ̀yìn àti òkè nìkan ló ṣẹ́ kù tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Ilé tó bo ilẹ̀ láti ààlà dé ààlà, tí pásééjì gba àárín rẹ̀, tí yàrá kojú síra lọ́tùn-ún lósì, ti dí ọ̀nà òkè pa. Yàrá àárín á ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, gílóòbù á máa tàn látàárọ̀, fáànù á sì máa po ooru kan náà kiri.

Agbo ilé àwọn baba wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, yàrá kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìta. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè láti ojú àgbàlá, ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù gba inú yàrá kọjá, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń dá oòrùn àti òjò dúró kí wọ́n má kan ògiri. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ya àwòrán ilé fún yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, ohun tí wọ́n ṣe kò jìnnà sí èyí: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ níwájú kó jáde lẹ́yìn, báńkónì gígùn, àti ògiri oníhò tó ń gba afẹ́fẹ́ láyè tó sì ń dá oòrùn padà. Ẹ lọ wo àwọn ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ẹ máa rí i.

Ohun tí àgbàlá ń gbà lọ́wọ́ onílé ni ilẹ̀. Ká ní ilẹ̀ yín jẹ́ mítà 10 sí 20, àgbàlá mítà 4 sí 5 máa mú ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ìyẹn tó yàrá kan àtààbọ̀, ó sì máa ń dun onílé. Àbá mi ni kí ẹ gbé ilé náà di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti gba yàrá yẹn padà lókè, kí ẹ má sì fọwọ́ kan àgbàlá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ṣàjèjì ní ìgboro. Ààfin Ìrẹ̀fin, ẹni tó jẹ Baálẹ̀ láàárín ọdún 1912 sí 1914, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ẹ ṣáà wo iye àjà tí ilé tó yí yín ká ní, kí ẹ má ga jù wọ́n lọ. Ilé alájà mẹ́rin láàárín ilé alájà méjì ń gba afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé.

Àgbàlá ní ìṣòro tirẹ̀ náà. Omi òjò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, kì í sì í ṣe sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò. Ìbàdàn kò gbàgbé àgbàrá Ògùnpa ti ọdún 1980 àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ àgbàlá dà díẹ̀ sí gọ́tà, kí apá kan rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gidi tó lè mu omi, kí ẹ má ṣe da kọ́ńkéré bo gbogbo rẹ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, bí ilé bá ti parí, ẹ má fi pánù oníke bo ojú àgbàlá nítorí òjò. Ooru tó yẹ kó gòkè lọ á wá dúró ti yín.

Bí ilẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ láti yàn nínú, èyí tí ojú rẹ̀ gígùn kọ sí àríwá àti gúúsù ni kí ẹ mú. Ìbàdàn wà ní ìwọ̀n 7 sí òkè ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ń gba orí wa kọjá gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án. Ògiri àríwá àti gúúsù rọrùn láti fi etí òrùlé bò. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló le, etí òrùlé kò sì lè dá a dúró. Ilé ìwẹ̀, àtẹ̀gùn àti ibi ìkẹ́rùsí ni kí ẹ kó sí apá ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ gba yàrá ìsùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògiri: amọ̀, bíríkì ilẹ̀ pupa, tàbí búlọ́ọ̀kù?

| | Amọ̀ bíi ti àtijọ́ | Bíríkì ilẹ̀ pupa tí ẹ̀rọ tẹ̀ | Búlọ́ọ̀kù oníhò, ínṣì 9 |
|---|---|---|---|
| Ooru ọ̀sán | Ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó wọlé | Ó máa ń pẹ́ níwọ̀nba | Ó ń tètè wọlé |
| Ní alẹ́ | Ó máa ń pẹ́ kó tó tutù | Ó wà láàárín | Ó ń tètè tutù |
| Òjò | Ó ń fẹ́ etí òrùlé gígùn àti ìpìlẹ̀ òkúta | Ó lè fara dà á bí ìdí rẹ̀ kò bá rì sómi | Kò ní wàhálà |
| Sìmẹ́ńtì | Kò sí | Nǹkan bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún | Ó pọ̀, ti ìrẹ́lé ṣì wà lọ́tọ̀ |
| Òṣìṣẹ́ | Wọn kò pọ̀ mọ́ | Ẹ ní láti wá ẹni tó mọ̀ ọ́n | Wọ́n wà níbi gbogbo |
| Ojú rẹ̀ láàárín ilé àtijọ́ | Ó bá a mu | Ó bá a mu láìkùn ún lọ́dà | Ó nílò ìrẹ́lé àti ọ̀dà |

Ọ̀rọ̀ amọ̀ kì í ṣe ti aláìní. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, kọ́ ní Kúdẹtì ní nǹkan bí ọdún 1854, amọ̀ ni. Demas Nwoko, tó ya àwòrán ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì ṣe búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice ní ọdún 2023 fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. NBRRI, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, náà ti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ bíríkì ilẹ̀ pupa tó ń wọ inú ara wọn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò sìmẹ́ńtì láàárín.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé ògiri amọ̀ ló dára jù ní gbogbo yàrá kò tíì sùn nínú rẹ̀ ní oṣù kẹta. Ògiri tó nípọn ń gba ooru ọ̀sán pamọ́, ó sì ń tú u sílẹ̀ ní alẹ́. Ní ilẹ̀ Hausa tí alẹ́ ti ń tutù gan-an, àǹfààní ni. Ní Ìbàdàn tí alẹ́ òjò máa ń móoru tí afẹ́fẹ́ sì máa ń kún fún ọ̀rinrin, ẹni tó ń sùn lẹ́bàá ògiri náà á làágùn bí kò bá sí afẹ́fẹ́ tó ń gba yàrá kọjá. Nítorí náà, ẹ má yan ògiri kan fún gbogbo ilé. Ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ ti ń jókòó lọ́sàn-án, tí ìyá àgbà ti ń gbàlejò, ni kí ògiri nípọn: ògiri amọ̀ àtijọ́ tí ẹ dá sí, tàbí bíríkì ilẹ̀ pupa. Òkè, níbi tí ẹ ti ń sùn, ni kí ògiri fúyẹ́, kó tutù kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Búlọ́ọ̀kù oníhò tó ìyẹn ṣe, ó sì fúyẹ́ lórí ìpìlẹ̀ ju bíríkì tó dì lọ.

Bí ẹ bá ń tún ògiri amọ̀ àtijọ́ rẹ́, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì líle bò ó. Omi tó bá gba ojú sísán wọlé kò ní ríbi jáde mọ́, amọ̀ á rọ̀ lábẹ́, odidi ìrẹ́lé á ṣí kúrò. Amọ̀ àti iyanrìn pẹ̀lú sìmẹ́ńtì díẹ̀ ló bá a mu.

Òrùlé: ibi tí ìjà wà

Ẹ gun Layípo ní Òkè Ààrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Pánù tó ti dípẹtà ni Ìbàdàn fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀, àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó lọ títí. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yẹn gan-an ló ń fa ooru. Pánù tó dúdú tàbí tó pupa lè gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Pánù funfun ń dá púpọ̀ nínú oòrùn padà, òun ló sì tutù jù. Tó bá jẹ́ ti owó iná nìkan, ọ̀rọ̀ ti parí: funfun.

Kò parí lọ́dọ̀ tèmi. Òrùlé funfun kan láàárín ọgọ́rùn-ún òrùlé pupa máa ń tàn yòò sójú ẹni tó wà lórí òkè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa wọ fèrèsé àwọn tó wà ní òkè yín, ojú ìlú tí gbogbo wa jọ ní á sì ya. Ohun tí mo gbà níyànjú ni kí apá òrùlé tó kọjú sí títì jẹ́ pupa rúsúrúsú, kí apá tó kọjú sínú àgbàlá àti ẹ̀yìn jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ohun tó wà lábẹ́ pánù bá ooru jà, nítorí ibẹ̀ ni ooru ti ń wọlé kódà bí pánù bá funfun. Ẹ ta bébà fàdákà tó ń dá ooru padà sábẹ́ pánù, kí ojú dídán rẹ̀ kọ sí àlàfo. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín pánù àti àjà, kí ihò oníwáyà wà ní etí òrùlé àti ní góńgó orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde. Ẹ wá tẹ́ òwú ìdènà ooru sórí àjà. Sílíìnì PVC tí gbogbo èèyàn ń lò báyìí rẹwà, ṣùgbọ́n tinrin ni. Kò lè dá ooru dúró láìsí nǹkan lórí rẹ̀.

Òrùlé dẹ́kìn pẹrẹsẹ ni mo fi sí ìkẹyìn. Kọ́ńkéré ń mu oòrùn látàárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lé yín lórí nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Pánù tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bò lójú dára ju ìyẹn lọ, kì í pariwo nígbà òjò, bí ẹ bá sì yan àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, á bá àdúgbò mu. Owó rẹ̀ ló ga.

Àṣà kan wà lóde tó ń dùn mí, òun ni párápẹ́ẹ̀tì: kí wọ́n mọ ògiri yí òrùlé ká kí pánù má hàn rárá. Ilé bẹ́ẹ̀ kò ní etí òrùlé. Oòrùn ń lu ògiri ní tààrà, òjò ń fọ fèrèsé, gọ́tà inú lọ́hùn-ún ń dí, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú àjà. Láàárín ilé àtijọ́ tí etí òrùlé wọn nà bo ògiri, ó tún dà bí ẹni tó ṣí fìlà sílẹ̀ níwájú àgbà. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé nà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Etí òrùlé gígùn náà ló ń kó omi jọ. Òjò Ìbàdàn ń tó mìlímítà 1,200 lọ́dún, nítorí náà òrùlé tó jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, ń gba omi tó tó lítà 120,000. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ bá tilẹ̀ wọ táńkì, iná tí ẹ̀rọ bòhóòlù ì bá jẹ ti dín kù.

Fèrèsé

Fèrèsé tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè ṣí ju ìdajì lọ. Ẹ ti sanwó fèrèsé odidi, ẹ ń gba afẹ́fẹ́ ààbọ̀. Lúfà ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ sì lè ṣí i díẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń gbà á wọlé, bí ẹ bá sì lo ẹ̀rọ amúlétutù, òtútù rẹ̀ ń sá lọ. Fèrèsé tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ni mo yàn fún yàrá tó bá máa ní ẹ̀rọ amúlétutù, lúfà fún ìyókù. Fún ojú títì, ẹ ṣe fèrèsé onígi bíi ti àtijọ́, nẹ́ẹ̀tì nínú. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ilé tí kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017, kò fẹ́ kí fèrèsé ju ìdá kan nínú márùn-ún ògiri bí kò bá ní ìbòòji. Ìyẹn náà bá ojú ilé àtijọ́ mu, torí pé ògiri ló pọ̀ ju ihò lọ lára wọn.

Fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, sólà tàbí jẹnẹrétọ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Yúníìtì kan ni wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Ẹ̀rọ amúlétutù agbára ẹṣin kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 800. Mẹ́ta nínú rẹ̀, fún wákàtí mẹ́jọ láìsinmi, jẹ́ yúníìtì 19 àti díẹ̀ lójúmọ́. Ní 225 náírà ti ọdún 2024, ìyẹn lé ní 4,300 náírà. Fáànù àjà mẹ́fà tó ń jẹ wáàtì 70, fún wákàtí mẹ́wàá, jẹ́ yúníìtì 4.2, kò tó 1,000 náírà. Nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ń gbóná, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi lóòótọ́. Nínú ilé tí ẹ ti ṣe òrùlé àti àgbàlá rẹ̀ dáadáa, ẹyọ kan tó jẹ́ oní-ínfátà, nínú yàrá arúgbó tàbí ti ìkókó, ti tó, kọ́ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ á sì máa rọlẹ̀ bí yàrá bá ti tutù.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ra sólà títí òrùlé á fi parí. Páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tó lè gbé fáànù mẹ́fà, gílóòbù LED, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n kéré gan-an sí èyí tó lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta, iye owó wọn sì jìnnà síra. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n ju bátìrì olómi lọ, àmọ́ ẹ lè lo púpọ̀ nínú agbára rẹ̀, nígbà tí bátìrì olómi kò fẹ́ kí ẹ kọjá ìdajì kó má baà tètè kú.

Jẹnẹrétọ̀ kò ní àyè nínú agbo ilé, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Àgbàlá tó yẹ kó máa fún yàrá ní afẹ́fẹ́ ni yóò máa pín in kiri. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má ní in, ìta gbangba ló wà fún, níbi tó jìnnà sí fèrèsé yín àti ti aládùúgbò.

Ní ti páńẹ́ẹ̀lì, ẹ kò ní láti gbé e síwájú ilé. Nítorí pé oòrùn ń gba orí wa kọjá, páńẹ́ẹ̀lì tó dà díẹ̀ sí ẹ̀yìn tàbí sínú àgbàlá kò pàdánù púpọ̀, bí kò bá ti sí òjìji ilé gíga tàbí igi lórí rẹ̀. Ìwọ̀n 10 sí 15 ti tó fún ìdàgẹ̀rẹ́ rẹ̀, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nù ún lóòrèkóòrè. Ẹ sọ fún oníwáyà kó ti ri páìpù wáyà sólà mọ́ ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ilé, láti orí òrùlé dé ibi tí ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di èyí tí ilé lè lò, máa wà, bí owó páńẹ́ẹ̀lì kò bá tilẹ̀ tíì sí lọ́wọ́.